Káìtì Wo Ló Bá Afẹ́fẹ́ Minna Mu?

Nínú oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, láago mẹ́sàn-án àárọ̀, ọyẹ́ a máa mú ní Minna débi pé àpáta tó wà lápá ìlà-oòrùn ìlú kì í hàn kedere. Àsìkò yìí làwọn ọmọdé máa ń kó káìtì jáde sórí pápá. Ọ̀rá ọjà ni wọ́n máa ń gé. Wọ́n á fi ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì dábùú ara wọn sí i lẹ́yìn, wọ́n á so àkísà gígùn mọ́ ọn nídìí kó má baà máa yí gbirigbiri lókè, wọ́n á wá ká òwú ìránṣọ mọ́ agolo. Bí afẹ́fẹ́ bá dá, káìtì á rọra wálẹ̀. Bó bá tún fẹ́, á gòkè, òwú á le kankan, ọmọ tó dì í mú á sì fi ẹsẹ̀ tilẹ̀.

Agbára tó ń fa ọwọ́ ọmọ yẹn ni eré ìdárayá kan dá lé lókè òkun. Aṣọ tó fẹ̀ tó ilẹ̀ yàrá ni káìtì tiwọn, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kò ní ẹ́ńjìnnì ló sì ń fà. Ẹni tó ń wà á máa ń jókòó sísàlẹ̀, ìdí rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi ń darí táyà iwájú, ọwọ́ ló fi ń darí káìtì. Lórí ilẹ̀ tó le tó sì tẹ́jú, kẹ̀kẹ́ yìí lè sáré bíi mọ́tò: ní ọdún 2012, lórí adágún gbígbẹ kan tó ń jẹ́ Ivanpah ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sáré kọjá kìlómítà 130 ní wákàtí kan.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ eré yìí ló máa ń fi í sílẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan nítorí iṣẹ́, ọmọ títọ́, egungun tó ṣẹ́ tàbí ìrìn àjò. Bó bá yá, ọkàn wọn á tún fà sí i, ìbéèrè àkọ́kọ́ a sì máa jẹ́ káìtì tó yẹ ní rírà. Ẹni tó bá kọ́ ọ létí òkun nílùú òyìnbó, tó wá fẹ́ padà sí i ní Minna, kò gbọ́dọ̀ gbára lé ìdáhùn tó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ ibí kì í ṣe afẹ́fẹ́ etí òkun, ilẹ̀ ibí kì í ṣe yanrìn tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kúrò lórí rẹ̀. Ibi tí ènìyàn ti fẹ́ wa kẹ̀kẹ́ ló yẹ kó yan káìtì fún un.

Láti ọwọ́ tíṣà Bristol dé aginjù Sàhárà

Àwọn ará Ṣáínà ti ń fi káìtì ṣeré láti ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn. Àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di fífi káìtì fa ọkọ̀ lójú títì, orúkọ tí ìtàn kọ́kọ́ máa ń dá ni ti George Pocock, tíṣà kan ní ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1826 ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọkọ̀ rẹ̀ tó pè ní Charvolant. Káìtì méjì tí wọ́n so tẹ̀lé ara wọn ló ń fà á. Láyé ìgbà náà, iye ẹṣin tó ń fa ọkọ̀ ni àwọn agbowó ẹnubodè fi ń ṣírò owó. Nígbà tí ọkọ̀ Pocock dé láìní ẹṣin kankan, wọn ò rí ohun tí wọn ì bá gba owó lé lórí, ọkọ̀ náà sì kọjá lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ọdún 1903, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Samuel Cody fi káìtì fa ọkọ̀ ojú omi la omi tó wà láàárín Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ohun tó sọ ọ́ jí ni káìtì tí kò ní igi nínú rárá, èyí tí Domina Jalbert ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1964. Aṣọ méjì ló rán pọ̀ bí àpò tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ẹnu wọn ṣí síwájú. Afẹ́fẹ́ á wọnú àpò wọ̀nyí, á wú wọn, káìtì á sì le bí ìyẹ́ ẹyẹ. Títí di òní, irú aṣọ alápòó yìí ni ọ̀pọ̀ káìtì tí wọ́n ń lò lórí ilẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1990, Peter Lynn, ará New Zealand, wá ṣe kẹ̀kẹ́ tó bá irú káìtì bẹ́ẹ̀ mu. Kò sí ohun ìyanu kankan lára kẹ̀kẹ́ náà, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó tàn ká ayé: páìpù irin díẹ̀, aṣọ ìjókòó kan, àti táyà mẹ́ta tí kò yàtọ̀ sí ti wílíbárò. Wẹ́dà tó ń jó géètì ní Minna lè jó o láàárọ̀ ọjọ́ kan bó bá rí àwòrán rẹ̀, táyà rẹ̀ sì wà lọ́jà. Káìtì ni iṣẹ́ wà lórí rẹ̀.

Eré yìí ti dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà rí. Ní ọdún 2009, ikọ̀ kan tí Geoff Wilson ará Australia àti Steve Gurney ará New Zealand wà nínú rẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ káìtì gba etí ìwọ̀-oòrùn aginjù Sàhárà sọ̀ kalẹ̀ títí wọ́n fi dé Senegal. Afẹ́fẹ́ tó ń ti àríwá ìlà-oòrùn wá ní apá ibẹ̀ máa ń fẹ́ lọ́jọ́ púpọ̀, ilẹ̀ sì lọ súà. Minna kò ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ náà ò lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ìlú tó jìnnà sókun

Láti Minna dé etí òkun tó sún mọ́ ọn jù lé ní kìlómítà 400. Ìlú náà sì fi nǹkan bí mítà 250 ga ju ojú òkun lọ. Afẹ́fẹ́ méjì ló ń pín ọdún níbẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù Igbe títí di oṣù Ọ̀wàrà, afẹ́fẹ́ olómi tó ń bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló máa ń borí, òun ló sì ń gbé òjò wá. Láti oṣù Bélú títí wọ oṣù Èrèlé, ti àríwá ìlà-oòrùn á gbà á. Òun ni ọyẹ́, tó máa ń ru eruku láti aginjù, pàápàá láti ilẹ̀ gbígbẹ Bodélé ní Chad.

Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti wọn afẹ́fẹ́ Nàìjíríà káàkiri. Apá àríwá pátápátá, bíi Katsina àti Sokoto, àti orí òkè Jos ló ti lágbára jù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìpínlẹ̀ Katsina ni ìjọba gbé ẹ̀rọ iná mànàmáná tí afẹ́fẹ́ ń yí lọ. Ti àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè, níbi tí Minna wà, rọ̀ ju ìyẹn lọ. Ẹni tó ń bọ̀ láti etí òkun ní láti fi èyí sọ́kàn kó tó náwó: ọjọ́ afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni yóò pọ̀ jù.

Síbẹ̀, wákàtí kan wà láàárọ̀ ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́ bó ṣe yẹ, ìdí rẹ̀ sì dára ní mímọ̀. Lálẹ́, ilẹ̀ á tutù, afẹ́fẹ́ tó wà nítòsí ilẹ̀ á dúró jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n lókè, ní nǹkan bí mítà 300 sí 500, afẹ́fẹ́ mìíràn máa ń sáré gan-an ní gbogbo òru. Nígbà tí oòrùn bá yọ tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná mọ́ ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ á ru sókè, á lọ pàdé tòkè, agbára tòkè á sì bọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọyẹ́ fi máa ń fẹ́ jù láàárín aago mẹ́sàn-án sí ọ̀sán gangan, tí á sì máa dẹ̀ bí ọjọ́ bá ṣe ń rọ̀. Ẹni tó bá dúró di ìrọ̀lẹ́ nítorí oòrùn ti pàdánù wákàtí tó dára jù.

Oṣù Ẹrẹ́nà sí oṣù Èbìbí lewu jù lọ nínú ọdún. Ìjì àkọ́rọ̀ òjò máa ń ti ìlà-oòrùn wá lójijì. Nígbà mìíràn, eruku pupa tó ga bí ògiri ló máa ń ṣíwájú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó dákẹ́ níṣẹ̀ẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn á di èyí tó ń ṣí páànù orí ilé. Kò sí káìtì tó yẹ kó wà lókè ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ì báà kéré mọ ni. Bí ìkùukùu bá ti dúdú níhà ìlà-oòrùn, kí wọ́n sọ káìtì kalẹ̀ ni.

Ohun tí píọ̀ wọ́tà ń sọ

Àwọn tó ti pẹ́ nídìí eré yìí ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́, ó sì dára kí ènìyàn ní i. Ṣùgbọ́n ojú lásán náà lè ka afẹ́fẹ́ dáadáa, torí ìpele afẹ́fẹ́ tí Francis Beaufort tò fún àwọn awakọ̀ ojú omi, tí wọ́n wá fi àmì orí ilẹ̀ kún lẹ́yìn náà, ṣì wúlò níbi gbogbo.

Bí ewé àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ lára igi dongoyárò bá ń mì láìsinmi, tí àsíá ilé ìwé sì tẹ́ jáde, afẹ́fẹ́ ti tó bíi mítà 3.4 sí 5.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eruku, tí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ń fò nílẹ̀, ó ti wọ mítà 5.5 sí 7.9. Nígbà tí àwọn igi kéékèèké bá wá ń fì látòkè délẹ̀, ó ti kọjá 8.

Iye wọ̀nyí ṣe pàtàkì nítorí pé agbára afẹ́fẹ́ kì í pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà bí ìyára rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i. Bí ìyára bá di ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po mẹ́rin. Káìtì tó fẹ̀ tó sikúwẹ́ mítà 5, tó dúró lójú kan nínú afẹ́fẹ́ mítà 5, máa ń fa nǹkan bí ẹrù kílò 7. Ọmọdé lè mú un. Bí afẹ́fẹ́ bá di mítà 10, káìtì kan náà á fa bíi kílò 28. Bí wọ́n bá wá fi í gé afẹ́fẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sí èkejì, ìyára tirẹ̀ á tún kún ti afẹ́fẹ́, ó sì lè gbé àgbàlagbà kúrò nílẹ̀.

Ooru náà ní ipa tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé tí wọ́n máa ń fi sínú àpò káìtì kì í sọ ọ́. Afẹ́fẹ́ tó gbóná fúyẹ́ ju èyí tó tutù lọ, tibi gíga sì fúyẹ́ ju ti etí òkun. Nígbà tí ooru Minna bá dé dígírì 35, afẹ́fẹ́ rẹ̀ máa ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá fúyẹ́ ju èyí tó tutù létí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, káìtì sikúwẹ́ mítà 5 tí ènìyàn mọ̀ lọ́hùn-ún yóò máa fà bíi ti 4.5 níbí, bí ìyára afẹ́fẹ́ bá tilẹ̀ dọ́gba.

Fún àgbàlagbà tó wọ̀n tó kílò 75, ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n wà ni pé kó lo káìtì sikúwẹ́ mítà 7 sí 10 nígbà tí ewé nìkan ń mì, 4 sí 6 nígbà tí eruku ń gbéra, àti 3 tàbí èyí tó kéré sí i nígbà tí igi bá ń fì. Ẹni tó sanra jù bẹ́ẹ̀ lọ lè fi díẹ̀ kún un. Ẹni tó ti pẹ́ tó ti fi í sílẹ̀, kó yọ díẹ̀ kúrò.

Irú káìtì mẹ́rin, àti èyí tó yẹ

Èkíní ni káìtì alápòó olókùn mẹ́rin. Okùn méjì iwájú ló ń gbé ẹrù, méjì ẹ̀yìn ni búrèkì, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan sì di ọ̀pá kékeré kan mú. Kò wọ́n púpọ̀, kò ní wàhálà, ó sì ń kọ́ ọwọ́ ní ìmọ̀ tó jinlẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò ṣeé dín kù lókè: bí ẹ̀fúùfù òjijì bá dé, ẹni tó dì í mú ni yóò gba gbogbo rẹ̀ sára.

Èkejì náà jẹ́ alápòó, ṣùgbọ́n ọ̀pá gígùn kan ṣoṣo ló ń darí rẹ̀, a sì fi ìgbànú so ó mọ́ ìbàdí. Bí awakọ̀ bá ti ọ̀pá síwájú, káìtì á yí ojú padà, agbára rẹ̀ á dín kù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bó bá fà á mọ́ra, agbára á padà. Irú rẹ̀ wọ́n, okùn rẹ̀ sì pọ̀ ní títọ́jú, ṣùgbọ́n níbi tí afẹ́fẹ́ kì í ti dúró sójú kan, kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀. Minna sì jẹ́ irú ibẹ̀. Àpáta, ilé àti igi máńgòrò máa ń já afẹ́fẹ́ sí wẹ́wẹ́, débi pé ó lè rọ̀ nísinsìnyí kó sì kọlu ènìyàn láìpẹ́.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí etí rẹ̀ kó tó gbéra, èyí tí àwọn ará Faransé méjì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò Legaignoux, gba ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí ní 1984. Orí omi ni wọ́n ṣe é fún, kó lè tún gbéra bó bá já sómi. Ó wúwo nínú afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́, pòròpórò ọkà àti ẹ̀gún inú oko sì lè dá a lu. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ gbé e wá sí Minna.

Ẹ̀kẹrin ló yẹ káwọn aránṣọ gbọ́ nípa rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, àjọ NASA ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí lórí ìyẹ́ aláṣọ kan ṣoṣo tí kò ní àpò, tí wọ́n rò pé yóò lè sọ ọkọ̀ tó ń ti gbalasa òfurufú bọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Wọn ò padà lò ó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ìwádìí náà wà ní gbangba, àwọn oníkáìtì sì gbé ìwọ̀n rẹ̀ jáde, wọ́n ń rán an fúnra wọn. Ìpele aṣọ kan ni, tó ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ okùn tín-ín-rín lábẹ́. Télọ̀ tó mọ bá a ṣe ń rán agbádá kò ní í rí i bí iṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ, bí aṣọ náà bá ti jẹ́ ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kì í gba inú rẹ̀ kọjá. Ó ń fà gan-an, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Àmọ́ kì í fẹ́ kojú afẹ́fẹ́: ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ ló ń gbé ènìyàn lọ, ìpadà rẹ̀ a sì di ti ẹsẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn olùtajà kì í tẹnu mọ́ tó. Káìtì tó gùn tó sì tín-ín-rín máa ń yára, òun ni wọ́n fi ń díje, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá já, ó máa ń ká lulẹ̀. Èyí tó kúrú tó sì sanra kì í yára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fara da afẹ́fẹ́ tó ń ségesège. Ẹni tó ń padà bọ̀ máa ń fẹ́ ra irú èyí tó ń lò nígbà tó já fáfá jù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń farapa.

Èyí tó ti wà nínú àpò látijọ́

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń padà ló ní láti ra tuntun. Àmọ́ káìtì tó ti wà nínú àpò fún ọdún mẹ́wàá kò gbọ́dọ̀ lọ sókè láìjẹ́ pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Oòrùn máa ń jẹ aṣọ ọ̀rá. Bí wọ́n bá fi ẹnu mọ́ aṣọ náà tí wọ́n fa èémí, tí afẹ́fẹ́ sì ń gbà á kọjá, aṣọ ti rẹ̀, kò ní lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀.

Okùn ló wá ń tanni jù. Okùn Dyneema tí wọ́n ń lò lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé ẹrù máa ń gùn díẹ̀díẹ̀, àwọn búrèkì tí kì í gbé ẹrù a sì máa súnkì. Bí ìyàtọ̀ náà bá tó ìwọ̀n ìka méjì péré, búrèkì á máa fa káìtì sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà, á sì dà bíi pé ó ya ọ̀lẹ. Kí wọ́n kan èèkàn kan mọ́lẹ̀, kí wọ́n so òpin okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ọn, kí wọ́n fa ìkejì dọ́gba, wọ́n á rí èyí tó kúrú. Kí wọ́n tún wo ohun ìtúsílẹ̀ dáadáa, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí káìtì sọ agbára nù lẹ́ẹ̀kan náà. Tayé ìsinsìnyí dára ju tàtijọ́ lọ, owó tí wọ́n bá ná lé e kò ṣòfò.

Ilẹ̀ àti àwọn tó wà lórí rẹ̀

Pápá bọ́ọ̀lù kéré jù fún kẹ̀kẹ́ yìí, bó tilẹ̀ tó láti fi káìtì dánra wò lórí ìdúró. Oko tí wọ́n ti kórè kún fún ebè. Ilẹ̀ akùrọ̀ tí wọ́n ti gé ìrẹsì kúrò lórí rẹ̀ sàn jù, ó sì pọ̀ ní ìpínlẹ̀ Niger, pàápàá lọ́nà Bida. Bó bá ti gbẹ, á tẹ́ pẹrẹsẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kòtò tí ẹsẹ̀ màlúù gbẹ́ máa ń wà níbẹ̀. Àṣẹ olóko àti ìmọ̀ baálẹ̀ abúlé ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Pẹ̀lú ìṣòro ààbò tó wà láwọn apá kan ìpínlẹ̀ náà, kò bọ́gbọ́n mu kí ẹnikẹ́ni dá nìkan wọ ibi tó dá páropáro nítorí eré.

Wáyà iná ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Okùn káìtì máa ń gùn tó mítà 20 sí 25, ó sì lè dé orí wáyà wẹ́rẹ́. Nítorí náà, ibi tí òpó iná bá wà níhà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ kì í ṣe ibi eré. Maikunkele, níbi tí pápá ọkọ̀ òfurufú Minna wà, kò sí lára ibi tó yẹ kí káìtì gbéra. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó gba eré yìí mọ́ra, fi mítà 60 ṣe ààlà gíga káìtì, wọ́n sì dín in sí 30 ní agbègbè pápá ọkọ̀ òfurufú.

Ọ̀tá kejì ni èrò ìwòran. Ní Minna, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ní pé tí ọmọdé fi máa yí káìtì ńlá ká. Okùn tó le bẹ́ẹ̀, tó ń sáré, ń géni bí ọ̀bẹ. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó dá èrò dúró sẹ́yìn awakọ̀, níhà tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Akoto, ìbọ̀wọ́, gíláàsì ojú àti ìbòmú nítorí eruku kì í ṣe àṣejù.

Èyí tó yẹ kí wọ́n rà

Ọwọ́ kì í tètè gbàgbé bí wọ́n ṣe ń darí káìtì. Ojú ló máa ń gbàgbé bí afẹ́fẹ́ ṣe ń yí padà, ara náà sì ti dàgbà. Nítorí náà, kí káìtì gbéra láìsí kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí awakọ̀ fi búrèkì sọ ọ́ kalẹ̀ léraléra títí yóò fi dá a lójú pé òun lè pa agbára rẹ̀ nígbàkígbà. Lẹ́yìn náà ni kó tó jókòó.

Bó bá jẹ́ pé owó ẹyọ kan ló wà lọ́wọ́, kí ẹni tó fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ ní Minna ra káìtì alápòó tó ní ọ̀pá ìdarí gígùn, tó kúrú tó sì sanra, tí ìwọ̀n rẹ̀ wà láàárín sikúwẹ́ mítà 8 sí 10, kó sì fi í sílẹ̀ nínú àpò lọ́jọ́ tí píọ̀ wọ́tà bá ń fò. Bó bá ní owó èkejì, kó fi olókùn mẹ́rin tó tó 4 kún un fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí igi bá ń fì, kó jókòó sílé.